Ìbéèrè tí ẹ máa ń bi mí nípa Luke Kuechly àti iṣẹ́ linebacker

Ẹ kú ìjókòó o. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń wo bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n ń fi ọwọ́ gbá mọ́ àyà sá lọ bí ẹni jí adìyẹ gbé. Láti ìgbà tí mo ti ń kọ nípa rẹ̀ ni ìbéèrè ti ń wọlé. Linebacker ni ọ̀pọ̀ yín máa ń bèèrè, ẹni tí mo sì máa ń fi ṣàlàyé iṣẹ́ náà ni Luke Kuechly, tó gbá fún ẹgbẹ́ Carolina Panthers láti 2012 títí dé ìparí sáà 2019. Ẹ jẹ́ kí n dáhùn gbogbo rẹ̀ pa pọ̀ síbí, kí n yé tún un sọ.

Báwo la ṣe ń pe orúkọ yẹn ná?

Kíìklì. Ẹ má jẹ́ kí lẹ́tà tó kúnnú rẹ̀ dẹ́rù bà yín.

Kí ni linebacker ń ṣe gan-an?

Èèyàn mọ́kànlá ló ń kojú èèyàn mọ́kànlá. Ẹgbẹ́ tó ni bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ ní ìgbìyànjú mẹ́rin láti fi gbé e síwájú ní yáàdì 10. Bí wọ́n bá rí i ṣe, wọ́n tún gba mẹ́rin míì. Bí wọn ò bá rí i ṣe, bọ́ọ̀lù di ti ẹnìkejì. Àwọn adilémú tó ń dí wọn lọ́nà tò sí ọ̀wọ́ mẹ́ta. Àwọn òmìrán wà níwájú pátápátá, àwọn tó jẹ́ pé bí ẹ bá rí wọn nínú dáńfó, ẹ ó sọ fún kọ̀ǹdọ́kítọ̀ pé kó gba owó èèyàn méjì. Ẹ̀yìn lọ́hùn-ún ni àwọn tó mọ eré sá, tí wọ́n ń ṣọ́ àwọn tó ń sá lọ gba bọ́ọ̀lù. Àárín àwọn méjèèjì ni linebacker dúró sí.

Ìnira iṣẹ́ náà nìyẹn. Bí ẹni tó gbé bọ́ọ̀lù bá já wọ àárín, linebacker ló gbọ́dọ̀ gbé e ṣánlẹ̀. Bí quarterback, ẹni tó ń darí ẹgbẹ́ kejì, bá fẹ́ ju bọ́ọ̀lù, linebacker gbọ́dọ̀ sá padà sẹ́yìn kó lọ dí ọ̀nà tí bọ́ọ̀lù fẹ́ gbà. Nígbà míì ẹ̀wẹ̀, akọ́nimọ̀ọ́gbá á ní kó já wọ àárín àwọn òmìrán lọ bá quarterback fúnra rẹ̀. Kó tó ṣẹ́jú, ó gbọ́dọ̀ ti mọ èwo nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ń bọ̀. Bí ó bá gba iwájú nígbà tó yẹ kó gba ẹ̀yìn, ilé ti tú.

A máa ń pe ìdíje bọ́ọ̀lù ní ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀. Ní ti èyí, àyà ni wọ́n fi ń wọ àyà.

Mo gbọ́ tí wọ́n ń pariwo "Mike, Mike". Ta ni Mike?

Kì í ṣe orúkọ ẹnikẹ́ni. Wọ́n sọ linebacker lórúkọ nípa ibi tó dúró sí, wọ́n sì mú lẹ́tà àkọ́kọ́ ibẹ̀ ṣe orúkọ: Mike (M, middle) ló wà láàárín, Sam (S, strong) wà ní ẹ̀gbẹ́ tí àwọn ọ̀tá ti lágbára jù, Will (W, weak) wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Ẹgbẹ́ tó ń lo linebacker mẹ́rin tún ní orúkọ míì tí wọ́n fi kún un. Quarterback ló sábà máa ń nawọ́ sí Mike tí á sì pariwo orúkọ rẹ̀, kí àwọn ènìyàn rẹ̀ lè mọ ẹni tí wọ́n máa dí lọ́nà.

Mike ni Kuechly. Òun náà ló ní àmì roboto aláwọ̀ ewé lẹ́yìn àṣíborí rẹ̀. Àmì yẹn túmọ̀ sí pé rédíò wà nínú àṣíborí náà, akọ́nimọ̀ọ́gbá sì ń bá a sọ̀rọ̀ láti ẹ̀gbẹ́ pápá. Láti 2008 ni NFL, líìgì ńlá bọ́ọ̀lù yìí ní Amẹ́ríkà, ti fún àwọn adilémú náà láyè láti lò ó, ẹnì kan ṣoṣo lára wọn lórí pápá. Bí ó bá ku ìṣẹ́jú àáyá 15 kí wọ́n gbá bọ́ọ̀lù, rédíò á dákẹ́. Láti ibẹ̀ lọ, ọgbọ́n orí ara rẹ̀ ló kù.

Níbo ló ti wá?

Agbègbè Cincinnati, ní ìpínlẹ̀ Ohio, ni wọ́n ti bí i ní ọjọ́ 20 oṣù kẹrin ọdún 1991. Ilé-ẹ̀kọ́ girama St. Xavier ló lọ, ibẹ̀ ló sì ti gba ife ìpínlẹ̀ ní 2007. Lẹ́yìn náà ló lọ sí Boston College.

Ọ̀nà tó fi wọlé sínú ẹgbẹ́ ní Boston College kan ènìyàn lára. Mark Herzlich, linebacker tó gbajúmọ̀ jù níbẹ̀ nígbà náà, ni àìsàn jẹjẹrẹ inú eegun kọlù ní 2009, kò sì lè gbá bọ́ọ̀lù lọ́dún yẹn. Àyè ṣí, ọmọ tuntun kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé bọ́ sójú rẹ̀, kò sì kúrò níbẹ̀ mọ́. (Herzlich wò sàn. Ó padà sórí pápá ní 2010, ó dé NFL, ó sì gba Super Bowl, ife àṣekágbá NFL, pẹ̀lú New York Giants.) Láàárín ọdún mẹ́ta, Kuechly gbé èèyàn lulẹ̀ ní ìgbà 532. Ní 2011 nìkan, 191 ni, kò sí ẹni tó ṣe tó bẹ́ẹ̀ ní gbogbo yunifásítì tó wà ní ìpele òkè lọ́dún yẹn.

Báwo ló ṣe wọ NFL?

Wọn kì í lọ fúnra wọn ra agbábọ́ọ̀lù bí ẹni lọ sọ́jà. Ẹgbẹ́ méjìlélọ́gbọ̀n á tò, èyí tí sáà tó kọjá burú fún jù ló máa kọ́kọ́ mú ẹni tó wù ú nínú àwọn ọmọ yunifásítì, wọ́n á sì máa mú un lọ bẹ́ẹ̀ ní ìpele méje. Agbábọ́ọ̀lù ò lè yan ẹgbẹ́ tó fẹ́. Ó sì gbọ́dọ̀ ti pé ọdún mẹ́ta tó ti jáde girama kó tó lè dúró síbẹ̀. Ní oṣù kẹrin 2012, Panthers mú Kuechly, òun sì ni ẹni kẹsàn-án tí wọ́n pè.

Ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n kọ́kọ́ fi í sí, nítorí Jon Beason ló wà láàárín. Nígbà tí Beason fara pa, wọ́n gbé ọmọ tuntun bọ́ sí àárín, ó sì parí sáà àkọ́kọ́ yẹn gẹ́gẹ́ bí ẹni tó gbé èèyàn lulẹ̀ jù ní gbogbo NFL. Wọ́n fún un ní àmì-ẹ̀yẹ adilémú tuntun tó dára jù. Lọ́dún kejì, 2013, wọ́n fún un ní ti adilémú tó dára jù lọ, tuntun àti àgbà. Ọmọ ọdún 22 ni.

Ṣé ó lágbára ju àwọn yòókù lọ ni?

Rárá o. Ohun tí mo sì fẹ́ kí ẹ mú dání nípa ọ̀gbẹ́ni yìí gan-an nìyí. Ó ga, ó gbórín, eré ẹsẹ̀ rẹ̀ dáa, ṣùgbọ́n àwọn tó jù ú lọ nínú gbogbo rẹ̀ kún inú NFL bámúbámú. Ojú ló fi ń gbá bọ́ọ̀lù.

Láàárín ọ̀sẹ̀, fídíò ẹgbẹ́ tí wọ́n máa bá pàdé ló máa ń wò, á tún un wò, á padà sẹ́yìn, á tún un wò. Ó fẹ́ mọ ibi tí ẹsẹ̀ òmìrán iwájú kan máa ń wà bí wọ́n bá fẹ́ sáré, àti ibi tó máa ń wà bí wọ́n bá fẹ́ jù. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá ẹni tó ń gba bọ́ọ̀lù máa ń sún mọ́ àárín díẹ̀ kí wọ́n tó gbé oríṣi kan wá. Bó bá di ọjọ́ Sunday, ẹ ó rí i tó dìde nàró, tó ń nawọ́ síbí, tó ń pariwo sọ́hùn-ún, tó ń ti ènìyàn rẹ̀ kan sápá ọ̀tún. Gbohùngbohùn tí tẹlifíṣọ̀n gbé sí ẹ̀gbẹ́ pápá máa ń ká ohùn rẹ̀: á sọ ohun tí àwọn ọ̀tá fẹ́ ṣe kí wọ́n tó ṣe é. Wọ́n á sì ṣe é. Òun á ti dé ibẹ̀ ṣáájú.

Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí, bí àwọn àgbà ṣe wí. Ti Kuechly ní àbùkù kan: ojú rẹ̀ ṣọ́ gbogbo ilé Panthers, orí tiẹ̀ gan-an ni kò rí ṣọ́.

Ṣé ó gba Super Bowl?

Kò gbà á. Sáà 2015 ló sún mọ́ ọn jù. Panthers gbá ìdíje 16, wọ́n jáwé olúborí nínú 15. Nígbà tí wọ́n dé ìpele ẹni-bá-fìdí-rẹmi-á-lọ-sílé, ó já bọ́ọ̀lù gbà mọ́ Seattle lọ́wọ́, ó gbé e wọlé. Ó tún já ti Arizona, ó tún gbé e wọlé. Ẹ fojú inú wo adilémú tó ń gba góòlù wọlé ní ìdíje méjì tẹ̀ léra.

Super Bowl 50 wáyé ní Santa Clara, ní California, ní ọjọ́ 7 oṣù kejì 2016, Denver sì nà wọ́n 24 sí 10. Linebacker náà ló sì nà wọ́n. Von Miller, tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ fún Denver, ló gbá bọ́ọ̀lù mọ́ Cam Newton, quarterback Panthers, lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀mejì, òun ni wọ́n sì fún ní àmì-ẹ̀yẹ ọjọ́ náà. Lẹ́yìn ìdíje yẹn ni Kuechly lọ ṣe iṣẹ́ abẹ sí èjìká rẹ̀ tó ti ń dùn ún láti ọjọ́ yìí wá.

Ta ni èyí tó gbá Super Bowl pẹ̀lú apá tó ṣẹ́?

Thomas Davis, linebacker ẹlẹgbẹ́ Kuechly ní Panthers. Ó ṣẹ́ apá ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, wọ́n fi irin dè é nínú, ó sì wọ pápá. Ẹ má yà á lẹ́nu. Ọkùnrin yẹn ti já iṣan orúnkún kan náà lẹ́ẹ̀mẹta, ní 2009, ní 2010, àti ní 2011, ó sì padà wá di ọ̀kan lára àwọn tó dára jù nípò rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí ara ènìyàn ṣe lè yi tó, òun ni kí ẹ kà nípa rẹ̀. Orí yàtọ̀ sí orúnkún ṣá.

Kí ló ṣẹlẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ tí gbogbo èèyàn ń sọ yẹn?

Ọjọ́ 17 oṣù kọkànlá 2016, Panthers àti New Orleans Saints, ní Charlotte. Alẹ́ Thursday ni lọ́hùn-ún, àmọ́ ìdájí Friday ni lọ́dọ̀ wa. Mo wà nílé ní Ìbàdàn, mo rọ epo díẹ̀ sí jẹnẹrétọ̀, mo jókòó ti tẹlifíṣọ̀n láti aago méjì ààbọ̀ òru. Ìdíje ti ń lọ sópin, wọ́n ti fẹ́ máa pe ìrun àsùbáà ládùúgbò wa, nígbà tí Kuechly àti ẹni tó gbé bọ́ọ̀lù forí sọ ara wọn láàárín èrò. Kì í ṣe ìkọlù tó le jù tí mo rí lálẹ́ yẹn. Ṣùgbọ́n kò dìde.

Nígbà tí wọ́n gbé e jókòó, omijé ń dà lójú rẹ̀ pòròpòrò. Èémí rẹ̀ ń lọ sókè sódò bí ọmọ tó sunkún títí tí kò lè dáwọ́ dúró mọ́. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kúnlẹ̀ yí i ká. Wọ́n gbé e sórí ọkọ̀ kékeré tí wọ́n fi ń gbé aláìsàn jáde, ó ń sunkún lọ lójú ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn. Ìyàwó mi jí wá mu omi, ó dúró lẹ́yìn àga mi, ó ní, "Ta ló kú fún un?" Mi ò mọ ohun tí mo fẹ́ sọ. Mo ní orí ló fi gbá. Ó ní, "Ẹkún orí kọ́ nìyẹn."

Panthers jáwé olúborí, 23 sí 20. Mi ò rántí bí wọ́n ṣe parí rẹ̀.

Kí ni concussion gan-an? Ṣebí wọ́n ń dé àṣíborí?

Àṣíborí kì í jẹ́ kí agbárí fọ́. Ọpọlọ tó wà nínú agbárí ni kò lè dì mú. Bí ẹni tó ń sáré bá dúró gbì lójijì, ọpọlọ á mì síwá mì sẹ́yìn nínú omi tó wà, bíi omi inú agbè tí wọ́n gbọ̀n. Orí á máa fọ́ ẹlòmíì, ẹlòmíì á gbàgbé ibi tó wà, èébì á máa gbé ẹlòmíì, ẹlòmíì á bú sẹ́kún láìmọ ìdí. Òfin NFL ni pé ẹni tó bá ṣe kò gbọ́dọ̀ padà sórí pápá lọ́jọ́ yẹn, àti pé dókítà ọpọlọ tí kì í ṣe ti ẹgbẹ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kó tó tún gbá.

Mẹ́ta ni èyí tí aráyé mọ̀ nípa ti Kuechly. Àkọ́kọ́ ṣẹlẹ̀ ní ìdíje àkọ́kọ́ sáà 2015, ó pàdánù ìdíje mẹ́ta. Ti 2016 tí mo sọ yẹn gba ìdíje mẹ́fà tó kù ní sáà náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀kẹta wáyé ní oṣù kẹwàá 2017, pẹ̀lú Philadelphia. Lákòókò yẹn, ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi nǹkan kan há ọrùn, èyí tó ń tẹ iṣan ọrùn díẹ̀ kí ẹ̀jẹ̀ lè pọ̀ sí i nínú orí.

Ohun tó ń bà wọ́n lẹ́rù jù ni èyí tó máa ń yọ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, tí wọ́n ń pè ní CTE, níbi tí ọpọlọ á ti máa bàjẹ́ díẹ̀díẹ̀ nítorí gbígbá tó pọ̀. Ìgbà téèyàn bá kú tán ni wọ́n tó lè yẹ̀ ẹ́ wò kí wọ́n sì fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Junior Seau, linebacker ńlá tó gbá bọ́ọ̀lù fún sáà 20, kú ní 2012. Wọ́n yẹ ọpọlọ rẹ̀ wò, wọ́n bá a níbẹ̀.

Ṣé ìdí nìyẹn tó fi fẹ̀yìn tì lọ́mọ ọdún 28?

Ní ọjọ́ 14 oṣù kìíní 2020 ló kéde rẹ̀ nínú fídíò, omijé sì tún ń lé sójú rẹ̀. Ohun tó sọ ni pé òun ò mọ ọ̀nà míì tí wọ́n ń gbà gbá bọ́ọ̀lù yìí ju kéèyàn yára, kó lágbára, kó má bẹ̀rù ìkọlù lọ, òun ò sì dá a lójú mọ́ pé òun lè ṣe é bẹ́ẹ̀. Kò dárúkọ orí. Mo gbà pé kò nílò rẹ̀.

Ó ya àwọn èèyàn lẹ́nu torí pé kò tíì bàjẹ́ rárá. Ìdíje 118 ló gbá, ó já bọ́ọ̀lù gbà ní ìgbà 18, wọ́n yàn án sí Pro Bowl, ìdíje àwọn àṣàyàn agbábọ́ọ̀lù NFL, lẹ́ẹ̀meje, ó sì ṣì wà lára àwọn tó dára jù ní sáà tó gbá kẹ́yìn. Ẹ fi wé Ray Lewis, linebacker Baltimore, tó gbá a fún sáà 17, tó sì fi Super Bowl ṣe ìdíje àṣekágbá rẹ̀.

Kuechly kọ́ ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ní oṣù kẹta 2015, linebacker méjì ní San Francisco 49ers fi iṣẹ́ sílẹ̀ nínú oṣù kan náà. Patrick Willis ni ọ̀kan, ọmọ ọgbọ̀n ọdún, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ò gbà fún un mọ́. Chris Borland ni èkejì, ọmọ ọdún 24, tó gbá sáà kan péré, tó kà nípa ọpọlọ, tó sì ní ó tó. Nígbà yẹn, mo rò pé Borland ya òmùgọ̀. Mi ò rò bẹ́ẹ̀ mọ́.

Owó ńkọ́? Ṣé kò sunkún owó?

Ní 2015 ló fọwọ́ sí àdéhùn tuntun ọdún márùn-ún, mílíọ̀nù 62 dọ́là. Nígbà tó fi lọ, ọdún méjì ṣì kù nínú rẹ̀. Ẹ ṣọ́ra fún iye tí ẹ bá ń kà nínú ìròyìn ṣá: NFL kì í san gbogbo iye tó wà nínú ìwé àdéhùn bí ẹgbẹ́ bá lé èèyàn dànù, àyàfi èyí tí wọ́n bá kọ pé ó dájú. Ẹni tí kò bá gbá tó sáà mẹ́ta kì í tilẹ̀ ní ẹ̀tọ́ sí owó ìfẹ̀yìntì. Ọ̀pọ̀ linebacker tí orúkọ wọn ò dé etí yín ló wà níbẹ̀ yẹn.

Kí ló ń ṣe báyìí?

Ní 2020, ó padà sọ́dọ̀ Panthers láti máa wo agbábọ́ọ̀lù ẹgbẹ́ míì fún wọn. Ojú náà ni, wọ́n ṣì ń sanwó fún un. Ó fi í sílẹ̀ lẹ́yìn sáà kan, ó sì wá bọ́ sí orí rédíò, ó ń bá wọn sọ̀rọ̀ lórí ìdíje Panthers. Ní 2023 wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sínú ilé ìyìn bọ́ọ̀lù yunifásítì (College Football Hall of Fame).

Ṣé ọmọ Yorùbá wà lára àwọn linebacker?

Wọ́n wà! Ẹ wo Azeez Ojulari, tí wọ́n bí ní Marietta, ní Georgia, ní 2000. New York Giants mú un ní ipò 50 lọ́dún 2021, ó sì gbá quarterback ṣánlẹ̀ ní ìgbà mẹ́jọ ní sáà àkọ́kọ́. Àbúrò rẹ̀, B.J. Ojulari, tẹ̀ lé e ní 2023, Arizona ló mú un. Boye Mafe wá láti Minnesota, Seattle mú un ní ipò 40 lọ́dún 2022. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ni, quarterback ni wọ́n ń lé. Wọn kì í ṣe Mike. Bí oníròyìn Amẹ́ríkà ṣe ń fọ́ orúkọ wọn sí wẹ́wẹ́ ń dùn mí, ṣùgbọ́n wọ́n ń pè é.

Ọmọ mi ọkùnrin, ọdún mẹ́wàá, ló fẹ́ gbá a. Ṣé kí n gbà?

Bí ẹ bá wà ní Amẹ́ríkà tàbí ní London, ẹ wá flag football fún un. Aṣọ pélébé ni wọ́n so mọ́ ìbàdí, ẹni tó bá fà á yọ ti gbé èèyàn lulẹ̀ nìyẹn, kò sí ìkọlù. Ó ti wọ Olympics Los Angeles 2028 pàápàá. Bí ẹ bá wà nílé, Osi Umenyiora, ọmọ Nàìjíríà tó gba Super Bowl lẹ́ẹ̀mejì pẹ̀lú Giants, ló ṣáájú iṣẹ́ NFL nílẹ̀ Áfíríkà. Accra ni wọ́n ti ṣe àgọ́ àkọ́kọ́ ní 2022, àwọn ọ̀dọ́ wa sì lọ síbẹ̀. Èyí tí wọ́n fi ń gbára sọ ara, ẹ jẹ́ kó dàgbà ná.

Aago mélòó la lè wò ó ní Nàìjíríà?

Ọjọ́ Sunday, ti ọ̀sán wọn máa ń bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ wa ní oṣù kẹsàn-án àti ìkẹwàá. Láti oṣù kọkànlá, nígbà tí wọ́n bá ti yí aago wọn padà, aago méje ni. Ti alẹ́ wọn, ẹ gbàgbé oorun.

Tí n bá fẹ́ wo ìdíje kan ṣoṣo láti fi mọ̀ ọ́n, èwo ni?

Ti ọjọ́ 26 oṣù kọkànlá 2015, Panthers àti Dallas, ọjọ́ ìdúpẹ́ àwọn ará Amẹ́ríkà. Tony Romo, quarterback Dallas, jù bọ́ọ̀lù, Kuechly já a gbà, ó gbé e sáré yáàdì 32 wọlé. Romo tún jù míì lẹ́yìn náà, Kuechly tún wà níbẹ̀. Ẹ má wo bọ́ọ̀lù o. Nọ́ńbà 59, ti Kuechly, ni kí ẹ tẹjú mọ́, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ kí bọ́ọ̀lù tó kúrò nílẹ̀: ẹ wo ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ń rìn díẹ̀díẹ̀ lọ síbi tí Romo kò tíì wò.